Àlàfo Lórí Pẹpẹ Zundel

Ẹni tó bá wọ yàrá Zundel Kravitsky, àlàfo ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà lé kó tó rí ìwé. Pẹpẹ gba ògiri mẹ́ta láti ilẹ̀ dé òkè àjà, Tálímúdù, ìwé òfin àwọn Júù, ló sì kún orí wọn: ọ̀wọ́ kan aláwọ̀ ewé, ọ̀wọ́ kan pupa bí wáìnì, ọ̀wọ́ kan dúdú tí wọ́n fi wúrà kọ ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ti tú sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàyé rábì òde òní tirẹ̀ nísàlẹ̀ ewé. Ṣùgbọ́n láàrin ọ̀wọ́ pupa, ihò kan là sílẹ̀ bí ibi tí eyín ti yọ.

Lazar, bàbá rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ àkójọ náà. Lazar ti gbó kó tó ti Minsk wá sí Brooklyn. Lífìtì ló ń tún ṣe, kò sì gbọ́ èdè àtijọ́ tí àwọn àgbà fi kọ Tálímúdù. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbéèrè tí òun kò lè dáhùn wálé láti ilé ẹ̀kọ́, ojú ń tì í. Ó gbọ́ pé Rábì Asriel Vidan kan wà ní Haifa tó ń túmọ̀ ìwé náà, tó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń la ọ̀nà fún àlejò. Bí ìdìpọ̀ pupa rẹ̀ kan bá ti jáde, Lazar á rà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bàbá àti ọmọ á jókòó tì í, ìka Lazar á máa rìn lábẹ́ ìlà bí ìka ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

Ìdìpọ̀ tó sọ nípa ohun tó sọnù nìkan ni kò rí rà. Ìwọ̀nba ni wọ́n tẹ̀, ó tán, wọn kò sì tún un tẹ̀. Lazar wá a títí ó fi kú, Zundel sì jogún wíwá náà bí ọmọ ṣe ń jogún oko. Ó wọ gbogbo ilé ìtajà ìwé àlòkù ní Brooklyn, ó tẹ Baltimore àti Montreal láago. Àwọn òǹtàwé mọ ohùn rẹ̀. Bó bá ti ní "Ẹ káàsán," wọ́n á ní, "Kò tíì wọlé o."

Ọjọ́ Àìkú kan ni Frumet alárenà wá bá ìyá Zundel. Obìnrin tó sanra ni Frumet, súìtì kì í wọ́n nínú àpò rẹ̀, ó sì ti so ìgbéyàwó pọ̀ ní àdúgbò náà débi pé bó bá ń kọjá, àwọn àpọ́n máa ń gbá kólà aṣọ wọn gún. Ó ní òun ní ọmọbìnrin kan lọ́wọ́: Hinda, ọmọ Rábì Gedalya Horn, olùkọ́ ni, orí rẹ̀ pé, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì wọ́n. Inú ìyá Zundel dùn débi pé ó gbàgbé omi tíì lórí iná. Zundel padà sínú yàrá rẹ̀. Nígbà tí Frumet sì yọjú wo ibẹ̀, ó dá ẹsẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Zundel, ọmọ mi," ó ní, "ọmọ ta ni mo ní mo fẹ́ bá ọ fẹ́?"

"Ọmọ Rábì Gedalya."

"Ìwọ wá to ìwé Vidan jọ bí ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tí ìwé yẹn kọ́kọ́ jáde, orúkọ Rábì Gedalya wà lára ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ káàkiri ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má kà á. Ó ní ọ̀pá arọ ni ìtumọ̀, pé ẹni tó bá ń fi í rìn kò ní mọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ òun kú."

"Ṣé kí n wá dáná sun wọ́n ni?"

"Ta ló ní kí o dáná sun nǹkan? Pa ẹnu ẹ mọ́ ni mo wí. Tó o bá ti gbé ọmọ náà dé abẹ́ ìborí ìgbéyàwó tán, kó tilẹ̀ bá ilé ìtẹ̀wé lódindi nínú yàrá ẹ. Ta ló ń da ọmọ padà?"

Zundel rẹ́rìn-ín. Ó gbà. Gbígbà yẹn dàbí ohun kékeré lójú rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Wọ́n pàdé ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Manhattan, níbi tí àwọn bíi tiwọn ti máa ń pàdé, tí tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan àti ẹlẹ́rìndòdò méjì tí ẹnikẹ́ni kì í mu tán. Hinda wọ aṣọ aláwọ̀ aró. Ó wo tábìlì tó kù yíká, ó ní ó dà bí ìgbà tí àwọn dókítà bá ń gba aláìsàn. Ọkàn Zundel balẹ̀.

"Frumet ní ẹ máa ń kó nǹkan jọ," Hinda wí. "Kí lẹ ń kó jọ, sítáǹpù?"

"Nǹkan tó wúwo ju sítáǹpù lọ."

"Òkúta?"

"Ẹ ti ń sún mọ́ ọn. Àwọn kan máa ń fi ṣe ìrọ̀rí."

Kò sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ó padà sílé, ó jókòó láàrin ìwé rẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé irú ẹni wo ló máa ń fi ohun tó fẹ́ràn jù pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ fẹ́ràn. Nígbà ìpàdé kejì, wọ́n rìn létí odò títí atẹ́gùn fi fẹ́ fìlà rẹ̀ lọ, tí Hinda sì bá a sáré lé e láìjẹ́ kí ọwọ́ wọn kan ara wọn, nítorí pé òfin ẹ̀sìn wọn kò gbà kí àwọn tí kò tíì ṣègbéyàwó fọwọ́ kanra. Láti ọjọ́ náà ni Zundel kò ti lè sùn dáadáa mọ́. Bó bá ń kàwé, ohùn Hinda ló ń gbọ́. Bó bá ń jẹun, ìyá rẹ̀ á ní, "Oúnjẹ kọ́ lò ń jẹ yẹn, àwo lò ń fi ṣíbí gbá."

Ìpàdé kẹta ni Hinda mú àlọ́ kan wá.

"Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní yàrá iwájú," ó ní. "Èmi ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọn kì í kọ́ àwa obìnrin, ṣùgbọ́n ta ló lè ti etí? Ẹ gbọ́ èyí. Àpò owó ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹlòmíràn sì mú un. Òfin ní bí olówó bá ti sọ̀rètí nù, tẹni tó rí i ni. Ṣùgbọ́n olówó kò tíì mọ̀ pé ó bọ́. Bó bá mọ̀ ni, á sọ̀rètí nù lójú ẹsẹ̀. Ṣé ká kà á sí pé ó ti sọ̀rètí nù?"

"Àgbà kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àgbà kejì ní rárá."

"Mo mọ ti àwọn àgbà. Apá ta ni ìwọ wà?"

Zundel gbọ́ "ìwọ" yẹn. Ó gbọ́ ọ ju ìbéèrè lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti pàdé, "ẹ" ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

"Ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan òun sọnù," ó ní, "báwo ló ṣe fẹ́ sọ̀rètí nù? Tirẹ̀ ṣì ni."

"Ibẹ̀ lèmi náà wà." Ojú Hinda tàn. "Kí ni àlàyé tí o rí kà lórí rẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti já lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Lazar, ìka tó ń rìn lábẹ́ ìlà, ọ̀wọ́ pupa, àti pé àlọ́ yẹn gan-an wà nínú ìdìpọ̀ tí òun kò ní, nítorí náà òun kò mọ ohun tí Vidan wí nípa rẹ̀. Ó retí kí ojú rẹ̀ ṣú. Hinda mu nínú ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀, ó mu ún tán.

"Àlàfo lo fi dá mi lóhùn nígbà náà," ó ní. "Ó sì dáhùn dáadáa."

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí Rábì Gedalya dán an wò. Bí bàbá ìyàwó bá fẹ́ mọ ọkọ ọmọ rẹ̀, á ṣí Tálímúdù fún un ni. Bó bá sì gbà á, á ra odindi ọ̀wọ́ fún un kí ìgbéyàwó tó wáyé. Frumet pe Zundel ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó tún ìkìlọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó ní kó má dárúkọ Vidan, àní bí Vidan bá tilẹ̀ jí dìde tó wọlé bá wọn.

Yàrá Rábì Gedalya kún fún ìwé tó ti pọ́n. Ọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì dà bí ẹni tó lè lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri. Hinda gbé àkàrà olóyin wá, ó gbé e kalẹ̀, kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ nígbà tó ń jáde. Ṣẹ́ẹ̀tì wà tí ó fẹ́ lọ̀, Zundel rò, ara rẹ̀ sì yá.

Ìwé tí rábì ṣí kò ní ìtumọ̀, kò ní àmì kankan. Zundel kà á já geere. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì tó di aṣọ kan mú ni: èyí ní tòun ni gbogbo rẹ̀, tọ̀hún ní tòun ni gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n pín in, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù kọ́kọ́ búra pé ìpín òun nínú aṣọ náà kò dín sí ìdajì.

"Ó ní gbogbo rẹ̀ ni tòun," Rábì Gedalya wí. "Kí ló dé tó fi ń búra nítorí ìdajì?"

Zundel fún un ní ìdáhùn tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Rábì mi orí pé ó tọ̀nà. Ó bi í pé kí ló tún kù.

Ìdáhùn kan dúró sí ẹnu Zundel, ó dùn bí oyin. Ó rí ìka Lazar lábẹ́ rẹ̀, ó rí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, oòrùn lórí aṣọ tábìlì.

"Ìbúra yẹn kò wà nítorí adájọ́," ó ní. "Ẹni tó bá ń pariwo pé gbogbo rẹ̀ ni tòun kì í gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n mú un búra ìwọ̀nba tó dá a lójú, kí etí rẹ̀ lè gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ ní òtítọ́."

Rábì Gedalya gbójú sókè kúrò nínú ìwé. Ohun kan yọ lójú rẹ̀ bí iná ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Èyí dára," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Lẹ́nu ta lo ti gbọ́ ọ?"

Ọmọ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ ní orúkọ ẹni tó ni í ń mú ìgbàlà wá sáyé. Zundel mọ̀ ọ́n kó tó mọ bí a ṣe ń so okùn bàtà. Ó ya ẹnu. Ó gbọ́ ohùn Frumet. Ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ yẹn, ó rò ó pé òun lè sọ ilé tí òun fẹ́ bá Hinda kọ́ nù nítorí orúkọ kan.

"Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn ni, Rábì."

Iná ojú bàbá náà kú. Ó pa ìwé dé, ó fi ẹnu kò ó bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó sì ní kí wọ́n gbé tíì wá. Ó bi í nípa ìlera ìyá rẹ̀. Ó sìn ín dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó dì í lọ́wọ́ mú pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Zundel sì ń fò bí ẹyẹ lọ sílé.

Ọjọ́ kejì ni Frumet pè. "Wọ́n ní rárá."

"Ta ló ní rárá?"

"Wọ́n, ọmọ mi. Kì í ṣe ìpín ẹ. Mo ní òmíràn ní Queens tí…"

Zundel gbé fóònù sílẹ̀. Ohun tí alárenà kì í sọ, ọkùnrin tó ní ọ̀wọ̀ kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè pe ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀. "Wọ́n" yẹn ló wá ń jẹ ẹ́ bí ikán. Bó bá jẹ́ bàbá ló kọ̀ ọ́, kí ló dé tó fi sìn ín dé ìsàlẹ̀? Hinda ni. Ó gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó rí i pé Zundel kò tó nǹkan. Ìyá Zundel ní kó lọ bá bàbá náà, kó lọ bi í léèrè lójúkojú. Ó dáhùn pé ẹni tí wọ́n lé kì í padà wá béèrè ohun tí wọ́n fi lé e.

Ó lọ sí iwájú ilé ẹ̀kọ́ Hinda lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà òtútù. Ó rí i láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ń bá ọ̀kan so ìbọ̀rùn mọ́ ọrùn. Zundel dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kan. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ láti ilé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà. Ó yí padà, ó lọ.

Lẹ́yìn Ìrékọjá, ó gbọ́ ní sínágọ́gù pé wọ́n ti ṣe ìdána Hinda fún ọ̀dọ́kùnrin kan láti Monsey. Àwọn ènìyàn ń kí ara wọn ní mázẹ́ltọ́fù, èyí ni ẹ kú oríire, ó kí wọn pẹ̀lú. Frumet mú àwọn mìíràn wá fún un. Ó bá wọn jókòó, ó wo ẹlẹ́rìndòdò títí ìfóòfó rẹ̀ fi tán. Kò tẹ àwọn òǹtàwé láago mọ́. Eruku bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwọn ìwé, ìyá rẹ̀ sì ń fi aṣọ nù wọ́n nígbà tí kò bá sí nílé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Frumet kan ilẹ̀kùn. Ó wọ aṣọ ìnáwó, ọ̀nà ibi ìgbéyàwó Hinda ló wà. Ó gbé nǹkan kan dání tí wọ́n fi bébà wé, ó gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tó sùn kalẹ̀.

"Hinda ní kí n fún ọ," ó ní. "Ó ní ohun tó sọnù, ẹni tó ni ín ni kí a dá a padà fún."

Zundel tú u. Ẹ̀yìn ìwé pupa. Ìdìpọ̀ náà ni.

"Níbo ló ti rí i?"

"Lọ́wọ́ opó kan ní Cleveland. Láti ìpàdé yín kẹta ló ti ń wá a. Ó fẹ́ fún ọ lọ́jọ́ ìdána."

Zundel jókòó. Ó ní, "Òun kọ́ ló kọ̀ mí?"

"Òun kẹ̀?" Frumet wá àyè jókòó, ó tú súìtì kan, kò jẹ ẹ́. "Ẹ̀bi tèmi náà ń bẹ ńbẹ̀. Mo mọ ìkìlọ̀ ara ògiri, mi ò mọ ìyókù. Rábì Gedalya ka gbogbo ìwé Vidan kó tó bu ọwọ́ lu ìkìlọ̀ yẹn, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà náà. Nígbà tí Vidan kú, ó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Haifa, ó kó ọkùnrin mẹ́wàá lọ sí ibojì, ó bọ́ bàtà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú. Ó mọ ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn sórí bí orúkọ ara rẹ̀. Ó ní nígbà tí o sọ ọ́, ó rò pé àforíjì òun ló ti dé. Ó ń retí kí o dárúkọ. Ó ní bí o bá dárúkọ ni, òun ì bá fẹnu kò ọ́ lórí, òun ì bá sì fún ọ ní ọmọ òun pẹ̀lú ọ̀wọ́ pupa míràn."

Zundel wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Hinda ń kọ́?"

"Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó sunkún. Ó ní ẹ̀rù ló bà ọ́, pé o máa padà wá sọ òtítọ́, bàbá ẹ̀ sì gbà láti dúró. Ó dúró, Zundel. Ní ìgbà òtútù, ó rí ọ níwájú ilé ẹ̀kọ́. Ó ń yára parí okùn ìbọ̀rùn ọmọ yẹn kó lè wá bá ọ ni. Ìgbà tó gbójú sókè, ẹ̀yìn ẹ ló rí. Ó ní ìwọ ti sọ̀rètí nù, pé òfin ti dá òun sílẹ̀."

"Mi ò sọ̀rètí nù. Mi ò mọ̀ ni."

"Kí ló dé tí o kò bi mí?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Frumet nu ojú. "Ojú tì mí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́. Ìwọ náà sì dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́." Ó dìde, ó tún ìdè aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó ní òun kò gbọ́dọ̀ pẹ́, pé wọn kì í fẹ́ kí alárenà wọlé lẹ́yìn tí ọkọ bá ti fẹsẹ̀ fọ́ ife tí wọ́n fi ń parí ètò ìgbéyàwó.

Nígbà tó lọ tán, Zundel gbé ìwé náà wọ yàrá. Ó fẹ́ tì í sáàyè rẹ̀, kò wọlé. Láti ìgbà tí àlàfo yẹn ti wà, àwọn ìdìpọ̀ yòókù ti fara ti ara wọn sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àyè náà kò tó mọ́. Ó fi èjìká ti wọn, ó tì í wọlé pẹ̀lú agbára. Pẹpẹ kún dẹ́ńdẹ́. Kò sí ibi kankan tí ojú lè bà lé mọ́.

Ó tún fà á yọ. Ó wá ibi ọ̀rọ̀ àpò tó bọ́, ó fi ìka rẹ̀ sábẹ́ ìlà, ó sì ka ohun tí Lazar kò rí kà: pé ẹni tí kò mọ̀ kò tíì pàdánù ohunkóhun, ọjọ́ tó bá mọ̀ gan-an ni nǹkan rẹ̀ bọ́.

Níta, ọkọ̀ ń lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n ń fun fèrè. Zundel nàró láàrin ìwé rẹ̀, ó gbé ohùn sókè bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níwájú olùkọ́.

"Rábì Asriel Vidan ti Haifa ló sọ ọ́," ó ní.

Kò sí ẹni tó bi í.